Orí Kẹrin: Ohun Tí Ìgbálẹ̀ Ń Kọ́ Ọpọlọ

Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni yóò bá àgbà jẹun. Ẹni tó bá ro òwe yìí dáadáa á rí i pé wọn kò dárúkọ ọgbọ́n, wọn kò dárúkọ owó. Ọwọ́ wíwẹ̀ ni wọ́n mẹ́nu bà, ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè ṣe fúnra rẹ̀. Orí ohun kékeré tí ọmọ ń ṣe lójoojúmọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ni wọ́n gbé ipò rẹ̀ láàárín àgbà lé.

Ìbéèrè tí orí yìí fẹ́ dáhùn ni pé, ṣé iṣẹ́ ilé lásán, bíi gbígbá ilẹ̀, fífọ abọ́ àti pípọn omi, lè tún ìgbé ayé àgbàlagbà ṣe? Mo gbà pé ó lè ṣe é. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa ọpọlọ, ara àti ọkàn ló jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìpinnu ló ń yí ènìyàn padà. A máa ń ṣe ìpinnu lọ́jọ́ ọdún tuntun, a máa ń ṣe é lálẹ́ ọjọ́ tí nǹkan bá sú wa. Ṣùgbọ́n ìpinnu kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi ṣe nǹkan kan tí ojú lè rí. Ilé sì ni ibi tó súnmọ́ wa jù lọ tí ọwọ́ ti lè ṣe é.

Òwúrọ̀ ní Òkè Baálẹ̀

Ẹni tó bá jí ní ìdájí ní Òkè Baálẹ̀, nílùú Òṣogbo, á gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ kí ó tó gbọ́ ìró ọkọ̀. Bí ìpè ìrun àsùbáà bá ti dákẹ́, ìgbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀, kẹ́ẹ̀gì á máa kan ara wọn létí kànga, abọ́ alẹ́ àná á máa dún nínú báfù. Àdúgbò yìí ni olú ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2006. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ló kún fún akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ilé onípásẹ́ẹ̀jì tí yàrá kọjú sí yàrá, àwọn ayálégbé máa ń pín iṣẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́: lọ́sẹ̀ yìí, yàrá kìíní ni yóò fọ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó kan yàrá kejì.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ wá gba yàrá nírú ilé bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ̀ ní ìdájí mọ́. Ó jẹun alẹ́ tán, ó rẹ abọ́ sómi, ó sùn. Nígbà tó jí, ìkòkò kan ṣoṣo tó ní ṣì ní ọbẹ̀ gbígbẹ lára, kò lè fi se nǹkan kan, ó sì ti pẹ́. Ó ra búrẹ́dì àti àkàrà létí títì, owó tó yẹ kó fi ra ìwé ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ó dé kíláàsì nígbà tí olùkọ́ ti kọ́ wọn dé ìdajì. Bó bá padà délé lọ́sàn-án, òórùn ìkòkò náà ló ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì wù ú láti jókòó kàwé níbẹ̀.

Bí ọmọkùnrin yìí bá sọ fún ara rẹ̀ pé láti ọ̀la lọ òun yóò di ẹni tó ń ṣe nǹkan létòlétò, kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá fọ abọ́ rẹ̀ kó tó sùn, ìkòkò á wà nílẹ̀ láti fi po ẹ̀kọ tàbí se ẹyin láàárọ̀. Á jẹun kó tó jáde, owó á kù lọ́wọ́ rẹ̀, á sì dé kíláàsì lásìkò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ ti tún odindi òwúrọ̀ ṣe. Agbára iṣẹ́ ilé kìíní nìyí: kì í parí sórí ara rẹ̀. Iṣẹ́ tí a kò ṣe máa ń dènà iṣẹ́ mìíràn, èyí tí a ṣe sì máa ń la ọ̀nà fún èyí tó tẹ̀ lé e.

Bí nǹkan ṣe ń mọ́ni lára

Nísàlẹ̀ ọpọlọ, lábẹ́ èèpo rẹ̀ tó ká lọ́ká-lọ́ká, apá kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní basal ganglia. Ibẹ̀ wà lára ibi tí ọpọlọ ń kó ohun tí a ti ṣe lemọ́lemọ́ pa mọ́ sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ann Graybiel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ MIT, ní Amẹ́ríkà, fi eku ṣe ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1999. Wọ́n kọ́ àwọn eku láti sáré gba ọ̀nà kan tó rí bíi lẹ́tà T, kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ lópin rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, apá ọpọlọ yìí ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìrìn náà. Nígbà tí ọ̀nà náà ti mọ́ eku lára, iṣẹ́ ọpọlọ wá pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, ó sì rọlẹ̀ láàárín. Ọpọlọ ti di gbogbo ìrìn náà pọ̀ sójú kan.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí wa náà nìyẹn. Ẹni tó ti ń gbálẹ̀ láti kékeré kì í bá ara rẹ̀ jiyàn láàárọ̀. Bí ó bá ti mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, iṣẹ́ ti ń lọ, ọkàn rẹ̀ sì ráyè ro nǹkan mìíràn. Ẹni tí iṣẹ́ náà kò tíì mọ́ lára ló ń fi agbára ọkàn ṣe é, agbára yẹn sì máa ń rẹ̀ lọ́jọ́ tí oorun kò bá tó tàbí tí ìròyìn burúkú bá dé.

Ọjọ́ mélòó ni nǹkan fi ń mọ́ ènìyàn lára? Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀lé ènìyàn 96 fún ọ̀sẹ̀ 12. Oníkálukú yan ohun kékeré kan tí yóò máa ṣe lójoojúmọ́ lẹ́yìn ohun kan pàtó, bíi kí ó mu omi lẹ́yìn oúnjẹ. Èsì ìwádìí náà, tó jáde lọ́dún 2009, fi hàn pé ọjọ́ 66 ni ẹni tó wà láàárín gbùngbùn wọn fi dé ibi tí nǹkan ti ń ti ọwọ́ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Ó tètè mọ́ àwọn kan lára, láàárín ọjọ́ 18. Ìṣirò sì fi hàn pé àwọn mìíràn yóò nílò tó ọjọ́ 254. Ohun tó rọrùn máa ń tètè wọlé ju ohun tó le lọ. Ìròyìn tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó pa ọjọ́ kan jẹ kò ba iṣẹ́ náà jẹ́, bó bá ṣáà ti padà sí i lọ́jọ́ kejì.

Àwọn aláró Òṣogbo ti mọ èyí tipẹ́. Bí wọ́n bá ri aṣọ bọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọ̀ rẹ̀ kì í jinlẹ̀. Wọ́n á fà á yọ, wọ́n á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan án, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń mú kí aró di búlúù lára òwú. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún fà á yọ, títí yóò fi dú bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹni tó fọ abọ́ lálẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, tó wá ní ìwà òun kò yí padà, ti ká aṣọ rẹ̀ kúrò kí aró tó gbà á.

Ojú tó rí èsì

Lọ́dún 1977, Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford, kọ ohun kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń lò títí dòní. Ó ní ìgbàgbọ́ tí ènìyàn ní pé òun lè ṣe nǹkan ló ń pinnu bóyá yóò dáwọ́ lé e àti bóyá yóò fara dà á. Ọ̀nà mẹ́rin ni ìgbàgbọ́ yìí ń gbà wá, èyí tó lágbára jù nínú wọn sì ni kí ènìyàn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan láṣeyọrí. Ọ̀rọ̀ ìwúrí kò tó o. Iṣẹ́ ilé dára fún èyí púpọ̀, nítorí kì í fi èsì rẹ̀ pa mọ́. Ẹni tó ń kọ́ èdè tuntun lè lo oṣù mẹ́fà kó tó mọ̀ pé òun tẹ̀ síwájú. Ẹni tó gbá àgbàlá rí i kó tó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí kò jìnnà sí Òṣogbo, a rí ẹ̀rí ńlá nípa ohun tí rírí èsì lè ṣe. Dókítà David Morley, ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti 1956 títí di 1961. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tẹ̀lé àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n bí wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún nígbà yẹn. Ìṣòro kan ni pé àìjẹunre-kánú máa ń pẹ́ lára ọmọ kí ojú tó rí i. Ọmọ lè máa ṣeré síbẹ̀, kí ara rẹ̀ má sì dàgbà mọ́.

Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i ni káàdì kan tí ayé wá mọ̀ sí Road to Health. Bí wọ́n bá ti wọn ọmọ, nọ́ọ̀sì á fi àmì sórí káàdì náà, á sì fa ìlà láti àmì ti tẹ́lẹ̀ wá bá a. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bó bá tẹ́jú tàbí tó ń sọ̀kalẹ̀, ewu wà, kódà bí ọmọ bá ṣì ń rẹ́rìn-ín. Wọn kò fi káàdì náà pa mọ́ sílé ìwòsàn. Ìyá ọmọ ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́ kó máa tọ́jú rẹ̀ nílé, àwọn ìyá sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa, títí kan àwọn tí kò mọ̀wé. Ìyá tó ń fi ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja kún oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lè wá rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nínú ìlà tó ń gòkè. Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ọgbọ́n yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tó dájú fún mi nínú ìtàn náà ni pé iṣẹ́ tí ènìyàn rí èsì rẹ̀ máa ń pè é padà, ẹni tó bá sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń mọ́ lára.

Ara náà ń jèrè

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2020, ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara ṣiṣẹ́ níwọ̀nba, wọ́n sì ní gbogbo ìṣẹ́jú ló níye. Iṣẹ́ ilé wà nínú rẹ̀. Ẹni tó pọn omi, tó fọ aṣọ lọ́wọ́, tó gbá àgbàlá títí mímí rẹ̀ fi yára díẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè tó jẹ ara rẹ̀.

Alia Crum àti Ellen Langer ṣe ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2007 lórí obìnrin 84 tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì méje ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ fún apá kan nínú wọn pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹ́ eré ìdárayá tó péye. Wọn kò sọ fún apá kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìwọ̀n ara àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ti dín díẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kò sọ pé àwọn yí ọ̀nà ìgbésí ayé àwọn padà. Ìwádìí kékeré ni, a kò sì gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Síbẹ̀, ó kọ́ wa pé ojú tí a fi wo iṣẹ́ lè ní ọwọ́ nínú ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe fún wa.

Ìlera gbogbo ilé náà wà níbẹ̀. Nínú omi tó dúró sójú kan, ẹyin ẹ̀fọn máa ń di tanwíjí, tanwíjí á sì di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri fẹ́ràn àgbá omi àti agolo ẹ̀yìnkùlé, ara ògiri àgbá ló sì ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí dída omi nù kò fi tó. A gbọ́dọ̀ fi kàn-ìn-kàn-ìn ha inú àgbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká sì bò ó. Ní ti ọwọ́ fífọ̀, ìwádìí tí Stephen Luby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Karachi, ní Pakistan, tó jáde lọ́dún 2005, fi hàn pé níbi tí wọ́n ti fún àwọn ìdílé ní ọṣẹ tí wọ́n sì ń gbà wọ́n níyànjú láti fọwọ́, òtútù àyà láàárín àwọn ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún fi ìdajì dín sí ti àwọn tí wọn kò fún. Ìgbẹ́ gbuuru láàárín àwọn ọmọ tí kò tó ọdún 15 náà dín ju ìdajì lọ. Ọṣẹ lásán ni, kì í ṣe oògùn.

Nígbà tí ọkàn bá wúwo

Ìsoríkọ́ máa ń gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tí ó mú á dùbúlẹ̀, aṣọ á kún ilẹ̀, abọ́ á kún báfù, bí ó bá sì ti ń wò wọ́n, á túbọ̀ gbà pé òun kò wúlò. Ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ń pè ní behavioural activation. Olùtọ́jú á bá aláìsàn ṣètò ohun kékeré tó nítumọ̀ sí i, aláìsàn á sì ṣe é láìdúró de ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá yá. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àgbàlagbà 440 ní England, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lọ́dún 2016, ìtọ́jú yìí kò rẹ̀yìn sí ìtọ́jú tó gbówó lórí jù ú lọ tí àwọn àgbà onímọ̀ ń ṣe. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ gbé, ọkàn ló tẹ̀ lé e.

Ní ilẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti rí ohun kan tó jọ èyí. Lọ́dún 1954, ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, ní Abẹ́òkúta: dípò kí wọ́n ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, wọ́n fi wọ́n sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹbí kan á tẹ̀lé aláìsàn wá, á máa bá a se oúnjẹ, á máa bá a fọ aṣọ, á máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Aláìsàn ń rí i lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n ń lọ sóko, ayé sì ń lọ yí i ká. Oògùn wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀, ilé náà sì wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Bí ìbànújẹ́ bá pé ọ̀sẹ̀ méjì lára yín láìlọ, bí oorun bá sá, bí èrò ikú bá ń wá sọ́kàn, ẹ lọ rí dókítà. Ìgbálẹ̀ kì í rọ́pò dókítà. Ẹ má sì sọ fún ẹni tó wà nínú ìsoríkọ́ pé ọ̀lẹ ni. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bá a fọ abọ́ méjì.

Iṣẹ́ àfipáṣe àti iṣẹ́ àjọṣe

Ní ayé ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn, láàárín 1984 sí 1985, ìjọba fi ìmọ́tótó àyíká kún ogun tó gbé ti ìwà àìníjàánu. Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ọkọ̀ kì í rìn láàárọ̀, gbogbo ilé á jáde wá gbá ojúde. Kó tó di ìgbà yẹn, àwọn baba wa ti mọ wolé-wolé tó ń yẹ ìkòkò omi wò. Gọ́tà mọ́ nítorí àṣẹ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tí àṣẹ ti rọ̀, ìgbálẹ̀ náà rọ̀. Edward Deci àti Richard Ryan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń sún ènìyàn ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi hàn pé ohun tí ènìyàn gbà gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀ ló ń bá a kalẹ́. Ohun tí ẹ̀rù mú un ṣe máa ń bá ẹ̀rù lọ.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní í sọ fún obìnrin tó jí láago mẹ́rin, tó dáná, tó wẹ ọmọ mẹ́ta, tó lọ sọ́jà, tó tún padà wá dáná, pé kó fi iṣẹ́ ilé kún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, iṣẹ́ tí kò lópin kì í sì jẹ́ kí ènìyàn rí èsì kankan. Ìyípadà tó yẹ nírú ilé bẹ́ẹ̀ ni kí baba gba abọ́ fífọ̀, kí ọmọkùnrin gba ilẹ̀ gbígbá, kí ọmọbìnrin náà ráyè kàwé. Ẹ̀kọ́ tí ìgbálẹ̀ ń kọ́ni kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin.

Bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Kí ó kéré débi pé ẹ lè ṣe é lọ́jọ́ tó rẹ̀ yín jù: kí ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fọ abọ́ alẹ́, kí ẹ gbá iwájú yàrá.

Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ará Jámánì, fi hàn pé ẹni tó bá ti sọ ìgbà àti ibi tí yóò ti ṣe nǹkan máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní òun fẹ́ ṣe é. Ẹ má sọ pé, “N ó máa gbálẹ̀ dáadáa.” Ẹ sọ pé, “Bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, n ó gbá iwájú yàrá,” tàbí, “Bí a bá ti parí àdúrà òwúrọ̀, n ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

Ẹ jẹ́ kí ojú rí èsì. Ẹ kọ́ kàlẹ́ńdà sára ògiri, kí ẹ máa fi àmì sí ọjọ́ tí ẹ ṣe é. Bí ọjọ́ kan bá fò, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ kejì.

Ẹ fún un lóṣù méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ẹ bá ní ọmọ, ẹ fún un ní iṣẹ́ tó tó ọjọ́ orí rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá tiẹ̀ mọ́ tó tiyín, ẹ má gbà á ṣe lójú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ilé mímọ́ kì í sọ ẹni tí kò níṣẹ́ di oníṣẹ́, kì í sì í san owó ilé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ ó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá, tí ẹ ó fẹ́ dín iyọ̀ àti epo kù, tí ẹ ó fẹ́ padà sílé ìwé ní ogójì ọdún, ọkàn yín yóò sì bi yín pé, “Ṣé o lè ṣe é?” Ẹni tí kò tíì mú nǹkan kan ṣe títí dópin rí kò ní ìdáhùn. Ẹni tó ti fọ abọ́ rẹ̀ ní gbogbo alẹ́ fún oṣù mẹ́ta, nígbà tó rẹ̀ ẹ́ àti nígbà tí kò rẹ̀ ẹ́, lè sọ pé, “Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí.” Ẹ kọ́kọ́ ní ẹ̀rí yẹn lọ́wọ́ ná, orí rẹ̀ ni gbogbo ìyípadà yòókù tí a ó sọ nínú ìwé yìí yóò dúró lé.